Ìrù Wáyà Kan Ló Kù

Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún mi, kàlẹ́ńdà sì kúrò lára ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ewu ti wọlé. Kàlẹ́ńdà ìjọ ni, ó ti wà lókè tábìlì iṣẹ́ mi láti oṣù kìíní. Mo ṣí ojú ọ̀tún, ó padà. Mo tún bò ó, ó tún lọ. Ohun tí ojú òsì nìkan ń rí kò ju èéfín pupa rúsúrúsú kan lọ, pẹ̀lú àmì dúdú kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú, nígbà tí mo ń gé wáyà lára ọrùn gítà kan, nǹkan ta mí lójú. Mo rò pé eruku ni. Mo fi omi ṣan ojú, mo nù ún, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ títí mo fi parí rẹ̀. Kò dùn mí púpọ̀. Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn, pé kò dùn mí.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán orí mi, dókítà ojú fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Obìnrin tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni. Ó ní irin kékeré kan ti wọ inú ẹyinjú, ó sì ti lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

"Irin wo ni, ọ̀gá?"

Mo ní wáyà gítà ni mo ń gé.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí bàbà bá wà nínú irin yẹn, májèlé ni fún ojú. Mo gbọ́dọ̀ ṣí i kíákíá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbi tó jókòó sí, ọwọ́ mi lè pa ìríran yín níbi tí mo ti ń wá a. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inọ́ọ̀sì, tí kì í tètè dógùn-ún, mo lè fi í sílẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ. Èwo lẹ ń gé?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi mí ní irú irin tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wo ilẹ̀ bí ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀ wá sí kíláàsì. Méjèèjì ni mo ń gé. Bí méjèèjì ṣe dé orí gítà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe.

Pọ̀bẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni bàbá mi, ó fẹ́ kí n di akọ̀wé ní èbúté Kútọnu, kí n máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo wá sí Kútọnu lóòótọ́, èbúté kò gbà mí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mú mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún gítà ṣe ní àdúgbò Akpakpa. Owó kò pọ̀, oúnjẹ wà. Ìyẹn tó lórí bí mo ṣe wọṣẹ́.

Ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́ ni pàtírọ́ọ̀nù mi, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Bẹnẹdítò lorúkọ rẹ̀, Pápá Bẹnẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó kéré, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì ga ju ara rẹ̀ lọ.

Gítà oníná ni iṣẹ́ wa. Tí ẹ bá wo ọrùn gítà, ẹ ó rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bàrẹ́tì ni à ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ni ìka ń tẹ okùn sí kí ohùn tó yí padà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, okùn a jẹ irin náà títí kòtò yóò fi dá sí i lórí, ohùn á sì máa há. Nígbà náà ni a ó yọ gbogbo rẹ̀, tí a ó gé wáyà tuntun, tí a ó kàn án wọlé. Wáyà náà dà bí olú: orí rẹ̀ róbótó, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ yẹn ló ń wọ inú igi.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni n kò fi kan wáyà tuntun. Yíyọ ni mo ń yọ. A ó fi irin gbígbóná kan orí bàrẹ́tì àtijọ́, a ó kán omi díẹ̀ sí i, a ó sì rọra gbé e sókè bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ jòjòló. Tí igi bá fi lè já, bó tilẹ̀ kéré bí èékánná, Pápá Bẹnẹ yóò mú èérún náà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kan lára ògiri, yóò sì kọ orúkọ ẹni tó já a sábẹ́ rẹ̀. Pátákó Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń pè é. Àwọn oníbàárà a máa kà á bí wọ́n bá ń dúró.

"Ta ni Sámù?" ni wọ́n máa ń bèèrè.

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni," ni Pápá máa ń fèsì, kò sì ní gbójú sókè.

Nígbà tó wá gbà kí n yan wáyà, kò jẹ́ kí n wo wáyà rárá. Ó gbé gítà àtijọ́ kan lé mi nítan.

"Kí ni gítà yìí wí?"

"Kò wí nǹkan kan, Pápá."

"Nítorí pé ẹnu tìrẹ ló ń ṣiṣẹ́. Tún bi í."

Bí a ṣe ń bi í nìyí. Abẹ́ ìfárùngbọ̀n la fi ń wọn ihò tí ẹsẹ̀ wáyà ń wọ̀. Ẹ ó to abẹ́ lé ara wọn, ẹ ó tì í bọ ihò: tí márùn-ún bá wọ̀ tí kò mì, ihò abẹ́ márùn-ún nìyẹn. Igi gítà tó ti dàgbà ti gbẹ. Tí ẹ bá fi wáyà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó abẹ́ méje kan ihò abẹ́ márùn-ún, bàrẹ́tì méjìlélógún ni yóò máa ti igi náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn á sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun ọdẹ. Tí ẹsẹ̀ bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, bàrẹ́tì á máa dìde nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ bí eyín tó ń mì. Lẹ́yìn igi, ó kan ọwọ́ olórin. Pápá a ní kí oníbàárà na ìka rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn okùn gítà wọ́n, àwọn ọmọkùnrin a máa tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, wọ́n a fa fọ́nrán kan yọ, wọ́n a sì fi ṣe okùn. Fọ́nrán yẹn máa ń jẹ bàrẹ́tì bí ayùn. Pápá a wo bàrẹ́tì, a wo ìka.

"Kẹ̀kẹ́ ta lo tú bíréèkì rẹ̀?"

"Ti àbúrò mi ni, Pápá."

"Àbúrò náà ńkọ́?"

"Ó ṣubú díẹ̀."

Síbẹ̀, fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ náà, wáyà rírọ̀ ló ń yàn. Àdàlù bàbà àti níkẹ̀lì ni, ó funfun bíi fàdákà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá èyí tó le. Ó ní wáyà líle kì í tẹ̀lé àyíká igi, ó máa ń ta padà, ẹ ó sì lù ú lù ú títí igi àgbà yóò fi là. Ó ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jẹ́ kí okùn jẹ wáyà, Sámù. Wáyà la lè pààrọ̀."

Òfin méjì ló ní tí kì í dárí rẹ̀ jini. Èkíní: ọrùn kan, wáyà kan. Tí ẹ bá fi rírọ̀ àti líle sórí gítà kan náà, okùn á jẹ èyí tó rọ̀, èyí tó le á dúró gangan, gítà á sì máa dún bí igbá tó ti fọ́. Èkejì ni kíka ìrù. Tí a bá ti kan bàrẹ́tì wọlé tán, a ó fi ẹ̀mú gé orí rẹ̀ méjèèjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Èyí tó já sílẹ̀ yẹn là ń pè ní ìrù. Kò tó ìdajì hóró ìrẹsì nígbà mìíràn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìyàwó Pápá ti tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Láti ìgbà náà, inú agolo la ń kó ìrù sí, a ó sì kà á: bàrẹ́tì méjìlélógún, ìrù mẹ́rìnlélógójì. Tí iye kò bá pé, ilẹ̀kùn kò ní tì, ẹnì kankan kò sì ní lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, mẹ́tàlélógójì la rí. Gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ló kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Pápá ń rìn lórí wa, ó ń bú wa: "Ojú ẹyẹlé! Ojú ẹja gbígbẹ!" Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ lórí sìmẹ́ńtì bí Pápá ti ń lọ tó ń bọ̀. Abẹ́ sálúbàtà tirẹ̀ ni ìrù náà há sí. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó jù ú sínú agolo. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ ara mi." Ó sì fi búrẹ́dì àti sàdíìnì ṣe ètùtù.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wáyà tí a yọ lára gítà tó ti kú la tún ń tẹ̀ tọ́. Lẹ́yìn náà, wáyà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté wọlé, nínú àpótí ẹrù àlòkù. Òòlù onígi ni a ń lò, ẹ̀rọ ìtẹ̀ dé. Tẹlifóònù dé, oníbàárà á ti wo fídíò kó tó wá, òun ló ń sọ wáyà tó fẹ́ fún ẹ. Ìgbà yẹn ni inọ́ọ̀sì dé, èyí tó le tí okùn kì í tètè jẹ. Pápá Bẹnẹ ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó lọ ń gbé ní Agblangandan. Ó fi àtọlíyè, ilé iṣẹ́ wa, sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú òfin méjèèjì. Èmi nìkan ló kù nídìí iṣẹ́. Níbi tí ènìyàn bá ti dá wà ni òfin ti ń tú.

Tàńtí Kọlẹ́ẹ̀tì ló gbé gítà náà wá. Ìyá àgbà ni, ó ti ta gítà ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì nígbà èwe rẹ̀, ó sì ṣì ń ta á nínú ìjọ. Gítà pupa tó ti ṣí láwọ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Mo wọn ihò rẹ̀: abẹ́ márùn-ún. Igi náà gbẹ bí ẹja.

"Tàńtí, wáyà rírọ̀ ni gítà yìí fẹ́."

"Ta ló bi gítà? Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti pààrọ̀ rírọ̀ yìí. Fi inọ́ọ̀sì sí i, kó má tán kí n tó tán."

"Kò pọ̀ lọ́wọ́ mi, Tàńtí. Kò lè tó ju méje lọ."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ ni? Fi méje sí ibi tí ìka mi ń jókòó sí. Ọjọ́ Àìkú la ní ìsìn ìdúpẹ́, àbí ẹnu ni kí n fi ta á?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà. Mo fi inọ́ọ̀sì sí ihò méje káàkiri, ibi tí ìka rẹ̀ ti ń jẹ wáyà jù, mo fi wáyà rírọ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Mo gé ìrù wọn ní kánmọ́kánmọ́, láìbo ojú, ẹ̀gbẹ́ kan tán, mo yí sí ìkejì. Àwọ̀ méjèèjì jọra. Èwo nínú wọn ló ta mí? N kò mọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, tèmi ni mo fi ṣòfò sórí ìyára.

Ìyá Róòsì, ìyàwó mi, ló wà pẹ̀lú mi nígbà tí dókítà bèèrè ọ̀rọ̀ irin. Mo wí fún un pé, "Lọ pe Pápá Bẹnẹ. Sọ fún un pé mo fi wáyà méjì sórí ọrùn kan." Ojú ń tì mí ju bó ṣe ń bà mí lẹ́rù lọ.

Pápá gun ọ̀kadà zẹ́mì láti Agblangandan, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Òun àti ìyàwó mi lọ sí àtọlíyè, wọ́n gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbọn àkísà, wọ́n yẹ abẹ́ sálúbàtà mi wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé agolo ìrù gítà yẹn wá bá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Pápá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Kò kí mi. Ó da ìrù sórí aṣọ funfun, ó kà á.

"Mẹ́tàlélógójì," ló wí. "O kò kà á."

"N kò kà á, Pápá."

Ó yọ ẹ̀mú kékeré àti ayùn ìfárin lápò. Ó fi ẹ̀mú mú ìrù kọ̀ọ̀kan, ó fi ayùn fá a lẹ́ẹ̀kan. Wáyà rírọ̀ máa ń gba ayùn, á dún fúù bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Inọ́ọ̀sì kì í gbà, ayùn á yọ̀ lórí rẹ̀, á ké fíìn. Fúù, ó kó o sí ọ̀tún. Fíìn, ó kó o sí òsì. Nọ́ọ̀sì kan dúró lórí wa.

"Pápá, ṣé gáráàjì lẹ rò pé ẹ wà ni?"

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n parí. Ojú ni mò ń tún ṣe."

Wọ́n ti di ojú òsì mi, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń fi ọ̀tún wò ó. Inọ́ọ̀sì méje gbọ́dọ̀ ní ìrù mẹ́rìnlá. Rírọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ ní ọgbọ̀n. Tí ọgbọ̀n kò bá pé, wọ́n á ṣí ojú mi kó tó di alẹ́. Ìyá Róòsì ń kà lóhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka rósárì. Nígbà tó dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún rírọ̀, ìrù kan ṣoṣo ló kù lórí aṣọ, èyí tó kéré jù. Pápá fi ẹ̀mú gbé e. Ó ṣèèṣì bọ́. Ìyàwó mi fi ìka tútù lẹ̀ ẹ́ gbé nílẹ̀. Ayùn kàn án.

Fúù.

"Ọgbọ̀n," ni Ìyá Róòsì wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Inọ́ọ̀sì mẹ́tàlá," ni Pápá wí. "Èyí tí kò sí níhìn-ín, inọ́ọ̀sì ni. Lọ sọ fún dókítà." Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi. "Ẹlẹ́ṣẹ̀," ló wí, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Dókítà bi í léèrè títí. Ó yẹ àwòrán wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ó sì fi irin náà sílẹ̀. Ó ní ewu méjì ló kù, kò sì fi pamọ́ fún mi: ojú tó gbọgbẹ́ lè kó bá ìkejì rẹ̀, irin tí a sì fi sílẹ̀ lè yí padà lọ́jọ́ iwájú. Ó ní kí n máa wá.

Tàńtí Kọlẹ́ẹ̀tì wá kí mi nílé. "Wọ́n ní o fi ojú jẹ irin gítà mi," ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Yọ inọ́ọ̀sì yẹn kúrò tí ara rẹ bá yá. Rírọ̀ ni kí o fi sí gbogbo rẹ̀. Tí okùn bá jẹ ẹ́ tán, a ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà." Mo ṣe é fún un. Gítà pupa yẹn ni mo tún ṣe kẹ́yìn kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ojú òsì mi ń ríran bí ẹni ń wò láti inú omi, kò sì lè mọ jíjìn ihò mọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń lọ rí dókítà. Láràárọ̀, kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo ń bo ojú kan, mo ń wo kàlẹ́ńdà tí mo kọ́ sí iwájú ibùsùn, mo ń bo ìkejì. Tí eruku bá wọ ojú ọ̀tún, n kò ní lè jẹun. Ìyá Róòsì a ní, "Bàbá Róòsì, kàlẹ́ńdà náà kò lọ síbì kankan." Mo mọ̀. Mo tún ń wò ó. Ṣùgbọ́n mo jẹ ayé mi pẹ̀lú. Mo rí ìgbéyàwó ọmọ mi. Mo ń gbọ́ gítà nínú ìjọ, mo sì ń mọ̀ láti ìjókòó mi èyí tí ihò rẹ̀ gba abẹ́ márùn-ún.

Lóṣù tó kọjá, dókítà tan iná sí ojú mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pa iná náà, ó sì pa ìwé mi dé.

"Ojú ọ̀tún mọ́ tónítóní. Irin náà kò yí padà, ara ti dì í mọ́. Ẹ máa lọ, ọ̀gá. Ẹ ò nílò láti máa wá torí èyí mọ́."

"Kò sí ewu kankan mọ́?"

"Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn yín nìkan ló kù. N kò ní oògùn ìyẹn."

N kò lọ sílé. Mo gun zẹ́mì, a gba orí afárá kọjá ọ̀sà, a la Akpakpa kọjá, ó di Agblangandan. Pápá Bẹnẹ wà lórí àga nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ti gbó, ó ti kéré sí i. Atẹ́gùn òkun ń ti ilẹ̀kùn lọ, ó ń tì í bọ̀. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa agolo kan jáde, agolo ìrù inọ́ọ̀sì yẹn. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan náà síwájú, ó rọra fi kan ìpéǹpéjú òsì mi.

"Mẹ́rìnlá," ló wí. "Iye pé. Sámù, ó yá, ti ilẹ̀kùn."

Mo dìde, mo tì í.